Fáànù ńlá lẹ́yìn ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa: èéfín ló máa lé ni, àbí iná ló máa fẹ́?

Akọ̀wé_Kútọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa, ni mo ní kí n gbé e wá síbí kí wọ́n tó gbé e dé ààfin Aláké.

Ilé ìtajà wa ò jìnnà sí Kútọ̀, níbí l'Abẹ́òkúta. Ṣọ́ọ̀bù 40 ló kọjú síra wọn, 20 lọ́tùn-ún, 20 lósì, ọ̀nà tóóró kan sì wà láàárín tí wọ́n fi páànù bò. Mo wọ̀n ọ́n fúnra mi: ó gùn ní 60 mítà, ó fẹ̀ ní 3 mítà, gíga rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní 3 mítà. Géètì wà níwájú, ilẹ̀kùn irin wà lẹ́yìn. Lóṣù tó kọjá, jẹnẹrétọ̀ ẹnì kan gbiná nínú ọ̀nà yẹn. Iná ọ̀hún ò ju iná ààrò lọ, iyẹ̀pẹ̀ la dà lé e tó fi kú. Èéfín ẹ̀ ló kó wa láyà jẹ. Ká tó ka ogún, a ò rí ara wa mọ́. Ìyá tó ń ta fóòmù nígun ẹ̀yìn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tá wá a kiri kí wọ́n tó rí i fà jáde.

Alága wa wá ní òun rí i lórí fóònù bí àwọn òyìnbó ṣe ń so fáànù gìrìwò mọ́ àjà tọ́nẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ọ̀nà mọ́tò tí wọ́n gbẹ́ gba inú òkè kọjá. Ó ní ká dáwó ra ọ̀kan, ká kàn án mọ́ ògiri ẹ̀yìn, kó máa ti atẹ́gùn wọlé. Bí iná bá ṣẹ̀, á gbá gbogbo èéfín gba iwájú jáde. Èmi ní ẹni tó bá ń fẹ́ iná, iná ló ń pè. Ló bá bi mí níwájú gbogbo ẹgbẹ́ pé ṣé ẹnjiníà ni mí. Mi ò kì í ṣe ẹnjiníà, ìwé àti gègé ni mò ń tà. Ẹ bá wa dá a: nínú èmi àti alága, ta ló jàre?

Ọmọ_Arọ

Akọ̀wé, ẹ̀yin lẹ jàre. Ilé àgbẹ̀dẹ ni wọ́n bí mi sí, mo ti ń fẹ́ ẹwìrì kí n tó mọ ìwé kà. Èédú tó ti ń kú lọ, tí eérú ti bò lára, ẹ fi ẹwìrì fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá péré, ẹ ó rí i tí á ti ara pípupa bọ́ sí funfun. Bí bàbá mi bá fẹ́ kí irin tètè rọ̀, kì í da èédú kún iná, atẹ́gùn ló ń fi kún un.

Àmọ́ ohun kan ò jẹ́ kí n lè búra. Ẹnu tí mo fi ń fẹ́ iná ààrò kó lè ràn, òun náà ni mo fi ń fẹ́ àtùpà kó lè kú. Mi ò mọ èyí tí iná ṣọ́ọ̀bù máa ṣe nínú méjèèjì.

Ọlọ́jà_17

Ẹ̀yìn alága ni mo wà, mi ò sì ní fi bò. Tó bá jẹ́ pé iná ni fáànù ń fẹ́, kí ló dé tí àwọn òyìnbó fi ń kó o sínú tọ́nẹ́ẹ̀lì? Ṣé orí wọn ò pé ni? Akọ̀wé kàn ń bínú nítorí pé òun kọ́ ló dá a lábàá.

Ẹnjiníà_Àdìgbẹ

Ẹ fara balẹ̀. Iṣẹ́ fáànù ni mò ń ṣe, mo sì ti lo ọdún mélòó kan nídìí fáànù tọ́nẹ́ẹ̀lì rélùwéè lókè òkun kí n tó padà sílé. Alága ò parọ́, akọ̀wé náà ò parọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ti alága. Bí nǹkan bá ń jó nínú tọ́nẹ́ẹ̀lì, èéfín á gòkè lọ bá àjà, á wá pín sọ́tùn-ún sósì bí omi tí wọ́n dà sórí tábìlì. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti apá kan, èéfín tó ń wọ́ bọ̀ lápá ibẹ̀ á máa kúrú. Bí atẹ́gùn náà bá wá le dé ìwọ̀n kan, èéfín ò ní lè yọjú sápá ibẹ̀ mọ́ rárá: apá kan á mọ́ kedere, apá kejì á ṣókùnkùn. Fún iná ọkọ̀ ẹrù ńlá, ìwọ̀n yẹn máa ń tó mítà 2.5 sí 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ẹni tó ń sáré pẹ̀lẹ́. Wọ́n dán èyí wò ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1993 sí 1995, nínú tọ́nẹ́ẹ̀lì kan tí mọ́tò ò gbà mọ́ ní West Virginia, Memorial Tunnel ni wọ́n ń pè é. Ìgbà 98 ni wọ́n dáná síbẹ̀, àwọn iná kan tó mẹ́gáwáàtì 100. Mẹ́gáwáàtì la fi ń wọn bí ooru tí iná ń tú jáde ṣe pọ̀ tó. Kí ẹ lè mọ bí ìyẹn ṣe tó: ayọ́kẹ́lẹ́ kan tó ń jó máa ń tó mẹ́gáwáàtì 5, bọ́ọ̀sì ńlá máa ń súnmọ́ 30. Fáànù sì lé èéfín lóòótọ́.

Ẹ wá gbọ́ ti akọ̀wé. Atẹ́gùn tó ń lé èéfín yẹn náà ni ẹwìrì. Ahọ́n iná tó yẹ kó nàró kó máa lá àjà, atẹ́gùn á tẹ̀ ẹ́ síwájú, á wá máa lá ẹrù tó kàn. Ẹrù tí iná ò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ti gbóná sílẹ̀ dè é. Atẹ́gùn á tún wọ àárín àwọn ẹrù tí wọ́n tò léra, níbi tí iná ò bá ti máa rí èémí. Nítorí náà, iná tírélà ẹlẹ́rù máa ń tètè dàgbà, ó sì máa ń tóbi sí i gan-an nígbà tí fáànù bá ń fẹ́ ẹ. Ti ayọ́kẹ́lẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, torí inú ike àti irin ni iná ẹ̀ máa ń pamọ́ sí. Bó bá sì jẹ́ pẹtiróò díẹ̀ nínú àwo ni, atẹ́gùn lè mú kó dín kù pàápàá: ó ń ti ọwọ́ iná kúrò lórí epo, ooru ò padà wá bá epo mọ́. Àtùpà Ọmọ_Arọ nìyẹn. Ẹwìrì ẹ̀ ni ti ẹrù tí wọ́n tò léra.

Ó ku kí n béèrè: kí làwọn ṣọ́ọ̀bù yín ń tà?

Akọ̀wé_Kútọ̀

Aṣọ ni púpọ̀. Bàtà. Ike. Àwọn mẹ́ta ń ta fóòmù àti ìrọ̀rí. Ẹnì kan ń ta kẹ́míkà irun. Èmi ń ta ìwé.

Ọmọ_Arọ

Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹwìrì ni.

Awakọ̀_Turin

Ọmọ Ìbẹ̀rẹ̀kòdó ni mí, tírélà ni mò ń wà láti Turin lọ sí ilẹ̀ Faransé. Abẹ́ òkè Mont Blanc ni mò ń gbà, 11.6 kìlómítà. Alága yín ti rí fáànù, kò gbọ́ ìtàn ẹ̀.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1999, ọkọ̀ ẹrù kan wọ ibẹ̀ láti Faransé, Ítálì ló ń lọ. Ìyẹ̀fun àti màgaríìnì ló kó. Ẹ tún un kà: ìyẹ̀fun àti màgaríìnì, kì í ṣe pẹtiróò. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára ẹ̀, awakọ̀ dúró láàárín tọ́nẹ́ẹ̀lì, ó bọ́ sílẹ̀, iná sọ. Lọ́jọ́ yẹn atẹ́gùn ń fẹ́ láti Ítálì wá sí Faransé, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lápá Ítálì sì tún ń ti atẹ́gùn tuntun wọlé gbùúgbùú. Ihò tó yẹ kó máa fa èéfín jáde pàápàá, atẹ́gùn ni wọ́n ń fi í tì wọlé. Èrò rere ni wọ́n ní, kí àwọn èèyàn inú ibẹ̀ lè rí mí. Àmọ́ ta ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń jó? Àwọn mọ́tò tó tẹ̀ lé e láti Faransé ni. Ojú wọn gan-an ni èéfín gbà lọ. Òmíràn nínú wọn ò tiẹ̀ ráyè sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Èèyàn 39 ló kú. Iná náà jó ju ọjọ́ méjì lọ kí wọ́n tó rí i pa. Ọkùnrin ẹ̀ṣọ́ kan wà tó ń gun alùpùpù wọlé lọ gbé èèyàn jáde. Nígbà tó yá, òun náà ò jáde mọ́.

Ní báyìí, bí mo bá wọ ibẹ̀, mi ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọkọ̀ iwájú ju 150 mítà lọ, mi ò sì gbọ́dọ̀ sáré ju 70 lọ. Ní nǹkan bíi 300 mítà sí 300 mítà, yàrá ìsásí wà tó ní atẹ́gùn tirẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá kó oúnjẹ lẹ́yìn ni mo máa ń rántí ìyẹ̀fun yẹn.

Ọlọ́jà_17

Ó dáa, ti Faransé la gbọ́ yẹn. Apá ibi tí kò yẹ ni wọ́n fẹ́ ẹ sí. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹ síbi tó yẹ ńkọ́?

Ẹnjiníà_Àdìgbẹ

Ìbéèrè gidi rèé, Ọlọ́jà. Bí tọ́nẹ́ẹ̀lì bá jẹ́ ọlọ́nà kan, tí gbogbo mọ́tò kọjú síbì kan náà, àwọn tó wà níwájú iná á máa wakọ̀ lọ jàre, àwọn tó wà lẹ́yìn ló há. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn láti ẹ̀yìn síwájú, ẹ ti ṣe é tán. Ibi tí irú fáànù tí alága rí yẹn ti ń wúlò nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá ń lọ tí mọ́tò ń bọ̀, tàbí tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti dí iwájú pa bíi Lápá Láféńwà lọ́jọ́ ọjà, èèyàn wà lápá méjèèjì. Ibi yòówù tí ẹ bá fẹ́ èéfín sí, orí èèyàn ló ń lọ. Níbẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé kí wọ́n má jẹ́ kí atẹ́gùn le ní ìbẹ̀rẹ̀, nǹkan bíi mítà 1 sí 1.5 ní ìṣẹ́jú àáyá, kí èéfín lè fara mọ́ àjà fúngbà díẹ̀ káwọn èèyàn fi sá jáde lábẹ́ ẹ̀. Wọ́n á wá fi ihò òkè àjà fà á jáde. Atẹ́gùn líle ń da èéfín òkè pọ̀ mọ́ èyí tí à ń mí nísàlẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Ìtòkú

Ẹ kú làákàyè, ẹ̀yin ọmọ mi. Aládìrẹ ni mí, iná ò ṣàjèjì sí mi, igi la fi ń se aró. Bí iná bá fẹ́ ju agbára wa lọ, ìkòkò ńlá la máa ń dé mọ́ ọn, á kú ni. Kí ló dé tí wọn ò kúkú ti ilẹ̀kùn iwájú àti tẹ̀yìn pa, kí iná má rí mí?

Panápaná_Tó_Ti_Fẹ̀yìntì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọgbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn, torí apá mi òsì ṣì ní àpá ọ̀rọ̀ yìí.

Iná tí wọ́n sé mọ́lé ò tètè kú, ebi ló ń pa á. Ooru ẹ̀ wà níbẹ̀, ẹrù ṣì ń hó, gáàsì tó lè jó ń kún ilé, atẹ́gùn nìkan ni kò sí. Ìkòkò yín kéré, kò sì lójú, iná inú ẹ̀ ò ní nǹkan púpọ̀ láti jẹ. Ilé ìtajà yàtọ̀. Ó ti tó ọdún mélòó kan, nílùú yìí náà, wọ́n pè wá síbi ilé ìkẹ́rùsí aṣọ kan. A débẹ̀, kò sí ọwọ́ iná níta. Èéfín kàn ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn, á tún máa fà padà sínú, á tún yọ, bí ẹni ń mí lójú oorun. Mo pariwo pé kẹ́nikẹ́ni má ṣílẹ̀kùn. Ọmọ iṣẹ́ kan tó fẹ́ gbé ẹrù ọ̀gá ẹ̀ jáde ti gba ẹ̀yìn lọ, ó ṣí i. Atẹ́gùn wọlé láti ẹ̀yìn, gbogbo ilé náà tú jáde níwájú lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí dírágónì bá sín. Ọlọ́run ló yọ ọmọ yẹn. Èmi fi awọ ara mi san tèmi.

Nítorí náà, ìdáhùn mi ni pé a lè sé iná mọ́lé bí kò bá sí èèyàn kankan nínú ibẹ̀, tí a sì lè sé e pátápátá. Ṣé páànù Kútọ̀ tó ti lu jára-jàra lẹ fẹ́ fi sé iná mọ́lé?

Nǹkan kan tún wà tí wọn ò tíì sọ níbí. Ẹni tó bá ti tan fáànù, kó má ṣe yí i padà nígbà táwọn èèyàn bá ń sá. Ní Baku, nílẹ̀ Azerbaijan, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ gbiná ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1995, ó sì dúró sáàárín ibùdókọ̀ méjì. Àwọn èèyàn ti ń sá gba apá kan lọ nígbà tí wọ́n yí bí fáànù ṣe ń fẹ́ padà, èéfín wá lé wọn bá. Ó ju 280 lọ tó kú. Bí wọ́n bá ń ka irú ìtàn yìí fún wa nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo wa máa ń dákẹ́ ni.

Tísà_Físíìsì

Ẹ jọ̀ọ́, kí n fi kan kún un, torí ìlú olókè la wà. Kò dìgbà tí ẹ bá ra fáànù kí atẹ́gùn tó fẹ́. Ọ̀nà tó bá dagun, ihò èéfín ni fúnra ẹ̀.

Ní Kaprun, nílẹ̀ Austria, ọkọ̀ ojú irin kan wà tí wáyà ń fà gòkè láàárín òkè yìnyín, inú tọ́nẹ́ẹ̀lì tó dagun gan-an ló ń gbà. Ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 2000, ẹ̀rọ amúlé-gbóná tó wà ní ìdí ọkọ̀ nísàlẹ̀ gbiná. Kò sẹ́ni tó tan fáànù kankan. Gígun ọ̀nà yẹn nìkan ló ń fa atẹ́gùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Àwọn èèyàn jáde nínú ọkọ̀, púpọ̀ nínú wọn sì sá gòkè, torí ọwọ́ ìsàlẹ̀ ni iná wà. Ta ni kò ní sá fún iná? Ibi tí èéfín ń lọ gan-an ni wọ́n ń sá lọ. Àwọn 12 tó yè, ìsàlẹ̀ ni wọ́n gbà, ẹ̀gbẹ́ iná ni wọ́n gbà kọjá. Àwọn 155 ló kú, mẹ́ta nínú wọn ò tiẹ̀ sí nínú tọ́nẹ́ẹ̀lì: ibùdókọ̀ tó wà lókè ni wọ́n wà, èéfín ló lọ bá wọn níbẹ̀.

Akọ̀wé, ìbéèrè tèmi ni pé: ṣé ọ̀nà yín tẹ́jú?

Akọ̀wé_Kútọ̀

Háà. Rárá o. Ìsàlẹ̀ ni ẹ̀yìn wà, òkè ni iwájú. A máa ń gun àtẹ̀gùn mẹ́ta láàárín ọ̀nà. Omi òjò pàápàá, ẹ̀yìn ló máa ń ṣàn lọ.

Lọ́jọ́ tí jẹnẹrétọ̀ gbiná, iwájú ni gbogbo wa sá gbà.

Panápaná_Tó_Ti_Fẹ̀yìntì

Mo ti ń retí kó o sọ bẹ́ẹ̀.

Tísà_Físíìsì

Ẹ dẹ̀ wo àwòrán ohun tí alága fẹ́ ṣe o. Fáànù wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn, ó ń fẹ́ sókè síwájú. Èéfín fẹ́ gòkè tẹ́lẹ̀, fáànù tún tì í lẹ́yìn. Ọ̀nà kan ṣoṣo táwọn èèyàn ń sá gbà, iwájú ni. Àwọn tó ni fóòmù, ìgun ẹ̀yìn ni wọ́n wà. Bí fóòmù bá gbiná, ẹ ti gbé ẹwìrì sẹ́nu ààrò, ẹ sì kọjú èéfín sí ogójì ṣọ́ọ̀bù.

Ọlọ́jà_17

Mi ò ní sọ pé mo gbà o. Àmọ́ ká ní a ra èyí tó lágbára gan-an, tó máa gbá èéfín yẹn jáde kíákíá kó tó pa ẹnikẹ́ni lára?

Ẹnjiníà_Àdìgbẹ

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀, owó yín ni.

Ojú ọ̀nà yín, 3 mítà ní fífẹ̀ pẹ̀lú gíga ẹ̀, jẹ́ nǹkan bíi mítà 10 níbùú-lóròó. Ká ní fáànù tí alága fẹ́ rà ń gbé kúbíìkì mítà 2.5 ti atẹ́gùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti ara ògiri tí wọ́n ń tà ní Sápọ́n ò lè fi bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ pín in sí 10: mítà 0.25 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ó yá ju ìgbín lọ, àmọ́ àgbàlagbà tó ń fọ̀pá rìn á kọjá ẹ̀. Láti dá èéfín iná tó tó ti ṣọ́ọ̀bù kan dúró, ẹ nílò nǹkan bíi mítà 2. Fáànù mẹ́jọ nìyẹn, kì í ṣe ọ̀kan.

Ṣé ẹ wá ń rò pé fáànù kan ṣoṣo yẹn ò ní ṣe nǹkan kan? Ó ń ṣe o. Ohun yòówù tó bá ń jó, bí iná bá jẹ atẹ́gùn kìlógíráàmù kan tán, ooru tó máa ń jáde jẹ́ nǹkan bíi mẹ́gájúùlù 3. Fáànù yín ń gbé kìlógíráàmù 3 wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá. 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9, mẹ́gájúùlù kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló sì ń jẹ́ mẹ́gáwáàtì kan. Atẹ́gùn tí iná mẹ́gáwáàtì 9 lè jẹ yó nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ayọ́kẹ́lẹ́ méjì tó ń jó lẹ́ẹ̀kan náà, nínú ọ̀nà tí kò fẹ̀ ju 3 mítà lọ. Ó kéré jù láti lé èéfín, ó pọ̀ tó láti bọ́ iná. Èyí tó burú jù nínú gbogbo ẹ̀ lẹ fẹ́ lọ rà yẹn.

Bí ẹ bá wá ra mẹ́jọ ńkọ́? Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Norway lọ́dún 2003, nínú tọ́nẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Runehamar. Wọ́n to ẹrù tó tó ti tírélà kan síbẹ̀, fáànù ń fẹ́ ẹ ní nǹkan bíi mítà 3 ní ìṣẹ́jú àáyá, wọ́n sì dáná sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni, ẹrù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sí epo rọ̀bì, kò sí gáàsì. Pálẹ́ẹ̀tì onígi, ike, àga, màtírẹ́ẹ̀sì, páálí tó kún fún kọ́ọ̀bù oníke: ọjà yín. Iná tó kéré jù nínú wọn lé ní mẹ́gáwáàtì 60, èyí tó tóbi jù lé ní 200. Ooru abẹ́ àjà ju 1,300 lọ lórí ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ̀sì. Kí wọ́n tó ṣe èyí, irú iná bẹ́ẹ̀, táńkà epo nìkan ni ọ̀pọ̀ ẹnjiníà máa ń rò ó mọ́.

Awakọ̀_Turin

Ẹ ṣé, Ẹnjiníà. Màtírẹ́ẹ̀sì ni mo kó lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ ti ba oorun mi jẹ́.

Ọlọ́jà_17

Ó dáa. Ó dáa. Ẹ má fi ìṣirò pa mí. Kí lẹ ní ká ṣe nígbà náà? Torí èéfín ọjọ́ yẹn ò tíì kúrò nímú mi. Ẹ ò lè ní ká má ṣe nǹkan kan.

Ẹnjiníà_Àdìgbẹ

Ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ. Òkè ni èéfín fẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kó lọ sókè. Páànù tó bo ọ̀nà yẹn, ẹ gé e síbi mẹ́ta mẹ́rin, ẹ gbé òrùlé kékeré lé e tó ga díẹ̀ sí i, tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣí sílẹ̀, kí òjò má wọlé kí èéfín sì máa jáde. Kì í jẹ iná ẹ̀lẹ́ntíríkì, kò nílò ẹni tó máa tàn án. Iná á ṣì rí atẹ́gùn jẹ, mi ò ní tàn yín, ṣùgbọ́n èéfín ò ní sọ̀ kalẹ̀ bá àwọn èèyàn kíákíá, àti pé ahọ́n iná á nàró, kò ní máa tẹ̀ síwájú lọ lá ṣọ́ọ̀bù tó kàn. Àwọn jẹnẹrétọ̀, ẹ kó gbogbo ẹ̀ síta. Gáàsì inú èéfín wọn nìkan lè pa yín kí iná tó dé.

Omi ńkọ́? Ní Melbourne, nílẹ̀ Ọsirélíà, ọkọ̀ ńlá àti ayọ́kẹ́lẹ́ kọlu ara wọn nínú tọ́nẹ́ẹ̀lì Burnley ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2007, iná sì sọ. Èèyàn mẹ́ta ló kú nínú ìjàǹbá yẹn. Àmọ́ wọ́n tètè ṣí omi tó ń rọ̀ láti àjà bí òjò, wọ́n sì ń fa èéfín jáde, iná náà ò ráyè dàgbà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn fẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde. Mo mọ̀ pé ẹ ò lówó irú ẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù omi mélòó kan, iyẹ̀pẹ̀ nínú garawa, àti ẹ̀rọ panápaná alágbèéká níwájú, láàárín àti lẹ́yìn, ẹ lówó ìyẹn.

Ìyá_Ìbejì_Ìtòkú

Kí wọ́n sì gbé àwọn onífóòmù kúrò lẹ́yìn. Kí ló gbé wọn débẹ̀?

Akọ̀wé_Kútọ̀

Ìyá, owó ilé ẹ̀yìn ló kéré jù. Fóòmù gba àyè, kò sì mú owó púpọ̀ wá.

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo ti fi gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ ránṣẹ́ sí alága lórí WhatsApp. Ó kà á. Kò dáhùn fún wákàtí mẹ́ta, lẹ́yìn náà ló ní ẹni tó máa gé páànù, ẹ̀gbọ́n ìyàwó òun ń ṣe iṣẹ́ páànù. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ọlọ́jà_17, ẹ̀yin lẹ máa gba owó lọ́wọ́ àwọn ará òsì o.

Ọlọ́jà_17

Mo gbọ́. Ẹ má sọ fún alága pé mo gbà.

Panápaná_Tó_Ti_Fẹ̀yìntì

Akọ̀wé, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Gbogbo yín ló sá gba iwájú lọ́jọ́ yẹn, ìyá onífóòmù sì wà ní ìgun ẹ̀yìn, kò jìnnà sí ilẹ̀kùn irin. Kí ló dé tí kò gba ẹ̀yìn jáde?

Akọ̀wé_Kútọ̀

Àgádágodo wà lára ẹ̀, Bàbá. Nítorí àwọn olè.

Panápaná_Tó_Ti_Fẹ̀yìntì

Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ ta?

Akọ̀wé_Kútọ̀

Ọwọ́ alága ni. Ó ti lọ sí Ìbàdàn láti àná, ó di ọjọ́ Ajé.

Panápaná_Tó_Ti_Fẹ̀yìntì

Pè é lórí fóònù báyìí. Má kọ ọ́ ránṣẹ́ o, pè é.